Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Pa Ẹ́ńjìnnì

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àlejò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nawọ́ síta títí n ó fi ní kí ẹ nà án. Ẹ má sì bẹ̀rù rárá. Atukọ̀ wa mọ adágún yìí ju bó ṣe mọ ọ̀nà ilé lọ. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un!"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí àtẹ́wọ́ náà ń rọlẹ̀ ni Alálàyé tó mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Oṣù tó kọjá ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wà nídìí ọkọ̀ lónìí, ojú tì í débi pé ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Alálàyé ni gbogbo èbúté ń pe obìnrin náà, torí pé ẹnu ló fi ń jẹun. Ọkọ a máa tukọ̀, ìyàwó a máa ṣàlàyé àwọn òkè aláwọ̀ mèremère etí omi fún àwọn tó wá wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójoojúmọ́, láti ọdún pípẹ́ wá. Ahọ́n rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, kì í dúró de orí mọ́.

Kò sunkún níbi ìsìnkú. Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé, "Ìyàwó, ṣé òkúta lo gbé sáyà ni?" Bí ẹni pé ẹkún jẹ́ ohun téèyàn ń pè tó sì ń jẹ́! Kì í ṣe pé kò dùn ún. Àyà rẹ̀ ló kú tipiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Màdáàmú tó ni ọkọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó gbé àpótí dúdú kan lé itan. Ohùn àlàyé tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò ní èbúté ló ti sọ tẹnu rẹ̀: "Mi ò ní kóo má ṣọ̀fọ̀ o. Ṣùgbọ́n bóo bá lè ṣe é lónìí, iṣẹ́ rẹ ṣì ni. Bó ò bá lè ṣe é, àpótí yìí á máa bá wa sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa bá a lọ, ìyàwó wa," àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò sóhun tó ṣe."

Ó ń bá a lọ. "Ibi tó pupa yẹn, irin inú àpáta ló dógùn-ún. Èyí tó láwọ̀ ewé, bàbà ni. Omi ló ń sun jáde látinú òkè, tó ń kùn ún díẹ̀díẹ̀." Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ rédíò ilé kejì. Ó wo àpótí orí itan Màdáàmú. Kí lòun gan-an fi sàn ju àpótí yẹn lọ?

Wọ́n dé ibi tí àpáta ti tẹ̀ bo orí omi. "Ẹ fetí sílẹ̀," ó wí, ó sì dákẹ́, bó ṣe máa ń dákẹ́ níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ń bú lọ. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń pa á, kí ọkọ̀ lè rọra sún mọ́ òkè, káwọn èrò nawọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó sọ fún àbúrò rẹ̀.

"Ẹ pa á, Bọ̀dá Kékeré."

Ó pa á. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àfi omi tó ń kán tó, tó, tó. Alálàyé dúró, ó ń retí ohun kan. Kò dé.

Màmá àgbàlagbà kan tó dé fìlà gbòòrò bi í pé, "Ìyàwó, mo wá síbí lọ́dún tó kọjá. Ọkọ rẹ súfèé níbí, òkè sì dá a lóhùn. Kí ló dé tí kò súfèé lónìí?"

Ọwọ́ Màdáàmú lọ sára bọ́tìnnì àpótí. Alálàyé rí i.

"Kò lè súfèé mọ́, mà," ó wí. "Ọkọ mi ti kú. Mo purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹnu mi ni kò tíì gbọ́."

Màmá onífìlà ká ọwọ́ tó nà sí òkè kò. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Bọ̀dá Kékeré bá ṣu ẹnu jọ, ó fẹ́ súfèé. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, fùú. Ó tún gbìyànjú, itọ́ ló bá a jáde. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Alálàyé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, kó tó mọ̀ pé omijé ti dé àgbọ̀n òun.

Màdáàmú rọra ti àpótí sábẹ́ ìjókòó.

Alálàyé kò nu ojú. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ nawọ́ kàn án, kò ní bu yín jẹ. Lẹ́yìn náà, a ó máa padà. Àbúrò ọkọ mi ló ń tu ọkọ̀ yìí. Kò tíì mọ ọ̀nà tán, ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Ẹ má sì tíì pàtẹ́wọ́ fún un o. Ó di èbúté."