Èédú Àrìnkẹ́

Sìmbíátù ló kọ́kọ́ fi Àrìnkẹ́ rẹ́rìn-ín, òun náà ló sì padà wá ń jowú rẹ̀.

Nígbà tí ọjà aṣọ òkìríkà tí Àrìnkẹ́ ń tà dojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọlàńkẹ́ kiri Cacaveli, àdúgbò wọn, ó ń ṣa èèpo àgbọn tí àwọn alágbọn ń dà sínú gọ́tà. Àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Sìmbíátù, tí wọ́n jọ dàgbà nínú àgbàlá kan náà, tí àwọn òbí wọn jọ kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló rẹ́rìn-ín jù. Ẹja ló ń yan tà létí títì. Bí Àrìnkẹ́ bá ti ń kọjá, á ké sí i láti ìdí ààrò pé, "Ṣé ìdọ̀tí lo fẹ́ fi kọ́lé ni?"

Àrìnkẹ́ á ti ọmọlàńkẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Á jó èèpo náà nínú dúrọ́ọ̀mù títí yóò fi dúdú, á gún un, á sì mọ ọ́n rogodo kó lè di èédú ìdáná. Ṣùgbọ́n kò dì mọ́ra. Bó bá ti gbẹ, á tú bí iyẹ̀pẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Sìmbíátù yà kí i, ó bá a níbi tó jókòó sí lẹ́bàá òkìtì dúdú náà, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àánú ṣe é.

"Wo omi ẹ̀gẹ́ tí àwọn onígààrí ń dà nù," ó sọ fún un. "Bó bá tòrò tán, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ funfun tó bá kù nísàlẹ̀ ni ìyá mi fi ń ṣe sítáàṣì aṣọ. Sè é, kí o fi pò ó. Á dì."

Ó dì lóòótọ́. Kò pé ọdún méjì tí obìnrin mẹ́fà fi ń bá Àrìnkẹ́ ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá rẹ̀. Àwọn alágbọn fúnra wọn ló wá ń kó èèpo wá bá a, ẹ̀yìn ilé àwọn onígààrí ò sì rùn mọ́. Èédú rẹ̀ kì í rú èéfín, ó sì ń pẹ́ nínú ààrò ju èédú igi lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ mairie, ìyẹn ilé ìjọba ìlú, wá wò ó, wọ́n ya fọ́tò, fọ́tò náà sì dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Àrìnkẹ́ ló dúró láàárín, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé. Sìmbíátù wò ó títí ojú fi ń ro ó. Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ tòun sí. Kò rí i.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan kì í dùn mọ́ ọn délẹ̀ mọ́. Bí oníbàárà bá yin ẹja rẹ̀, á rò ó nínú ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wá ya ẹja ní fọ́tò. Bó bá gbọ́ tí wọ́n ń pe Àrìnkẹ́ ní "patronne," ọ̀gá obìnrin, àyà rẹ̀ á ta á bí ìgbà tí wọ́n fi ata sí egbò. Nígbà Iléyá, Àrìnkẹ́ fi odindi àpò èédú kan ránṣẹ́ sí i. Sìmbíátù gbé e fún aládùúgbò, ó sì ń ra èédú igi tirẹ̀ lọ, èyí tó ń ta ẹ̀ta iná sí i lápá. "Ọgbọ́n mi ló ń jẹ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún ara rẹ̀. "Ọgbọ́n mi ni!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Colette dúró níwájú ààrò rẹ̀. Ó ní ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò Totsi. Èdè Mina ló fi kí i, ó pè é ní Davi bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin.

"Davi, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé obìnrin tó ń ṣe èédú àgbọn?"

Ilé Àrìnkẹ́ ò ju ilé mẹ́rin síbẹ̀ lọ. Sìmbíátù gbé ọwọ́ sókè láti júwe rẹ̀, àfi bíi pé ọwọ́ náà kọ̀, kò nà.

"Ẹni yẹn ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀," ló gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń wí. "Ó ti kó kúrò níbí. Èmi ni mo ń ṣe é báyìí."

Colette ní kó bá òun wá àpò márùn-ún. Bó ti lọ tán, Sìmbíátù pe Marc, onízémì, ìyẹn ọlọ́kadà, tó máa ń gbé ẹja fún un, ó ní kó lọ ra èédú náà lọ́wọ́ Àrìnkẹ́, kó sọ pé oníbàárà kan ní Agoè-Nyivé ló rán òun. Marc ò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Sìmbíátù tú èédú náà sínú àpò mìíràn, ó sì gbé e lọ sí Totsi.

"Ọwọ́ yín mà dára o!" ni Colette wí lọ́jọ́ kẹta.

Ìyìn náà wọ Sìmbíátù lára bí omi tútù. Ó mọ̀ pé kì í ṣe tòun, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Colette tún dé. Wọ́n fẹ́ ṣe àsè ìsàmì ọmọ kan ní ilé oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àpò mẹ́wàá ló sì fẹ́. Marc lọ, ó padà lọ́wọ́ òfo. Àrìnkẹ́ ní ilé-ìwé kan ti kó gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Sìmbíátù lè sọ fún Colette pé kó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlara bá ń gùn kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

"Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ," ó wí, ó sì ká aṣọ sókè.

Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Èèpo tó rí ṣà tutù rinrin. Ó jó o, kò jóná tán. Ó gún un, ó fi sítáàṣì pò ó, ó sì mọ ọ́n. Nígbà tí oòrùn ò yọ, ó tò ó yí ààrò ẹja ká títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbẹ. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Ó gbé e fún Colette lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́ Ajé, Colette dé pẹ̀lú abọ́ ńlá tó kún fún èédú náà lọ́wọ́. Àrìnkẹ́ ló tẹ̀ lé e. Colette ti ń fura pé ọwọ́ tó ṣe èédú tàkọ́kọ́ kọ́ ló ṣe èyí, nítorí náà, nígbà tó bá Marc pàdé ní oríta, ó bi í léèrè ẹni tó ń ṣe èédú ní àdúgbò yìí. Marc, tí kò mọ̀ pé àṣírí wà níbẹ̀, júwe ilé Àrìnkẹ́ fún un.

"Èéfín lé àwọn àlejò mi síta!" Colette gbé abọ́ náà kalẹ̀ gbàgà. "Ìyá ọmọ gbé ọmọ rẹ̀ sá jáde nítorí ikọ́. Kí ni mo ṣe fún yín, Davi?"

Àrìnkẹ́ mú rogodo kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Inú rẹ̀ pupa, ó sì rin.

"Kò jóná tán," ó wí. "Kò sì gbẹ."

Ohùn ẹni tó ń yẹ ọjà wò ló fi sọ ọ́, kò bú èèyàn. Ìyẹn dun Sìmbíátù ju èébú lọ. Ó bọ́ sí èdè Yorùbá kí Colette má bàa gbọ́.

"Ta ló fi sítáàṣì hàn ọ́? Dá mi lóhùn, Àrìnkẹ́! Ta ni?"

"Ìwọ ni."

Sìmbíátù ti múra sílẹ̀ de ẹni tó máa sẹ́.

"Ìwọ ni, mo sì wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará mairie. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ náà pé kí o wá dúró tì mí. Kí lo ní kí wọ́n sọ fún mi?"

Sìmbíátù rántí. Ó ti ní kí wọ́n sọ fún un pé òun ò lè fi ẹja sílẹ̀ torí àtiwá pàtẹ́wọ́ fún èèpo àgbọn.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀sán ọjọ́ kan lo sọ fún mi, Sìmbí, mo sì dúpẹ́. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń jẹ èéfín. Ká ní o béèrè ìpín ni, mi ò ní fi dù ọ́. O ò béèrè. O ní mo ti kó kúrò." Ó fa Colette lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹja ń jóná mọ́ Sìmbíátù lọ́wọ́. Ìtìjú ń bẹ, ṣùgbọ́n ohun tó dà á láàmú jù ni pé kò rí ẹni tí yóò máa bínú sí mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ sí Totsi, ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún Colette. Ibẹ̀ ló gbà lọ sí àgbàlá Àrìnkẹ́, ó sì kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àrìnkẹ́ ò tètè gbé e dìde. Ó ń jọ lẹ́búlẹ́bú èédú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ títí asẹ́ fi ṣófo.

"Dìde. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi."

"Mo mọ̀."

"Má bá oníbàárà mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní bá wọn sọ̀rọ̀."

"Bó o bá fẹ́ kọ́ ọ, máa bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí o kì í yan ẹja. Ìdí sísá èédú sóòrùn lo ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀yìn ti ń ro ó, èérí dúdú sì ti kún ihò imú rẹ̀. Nígbà tí Àrìnkẹ́ ká ọwọ́ aṣọ sókè láti ṣí dúrọ́ọ̀mù, Sìmbíátù rí àpá iná lóríṣiríṣi tó gùn dé ìgúnpá rẹ̀. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wọ̀ nínú fọ́tò.

Ìlara náà ò kú lọ́jọ́ kan. Bí àjèjì bá wọlé, tó gba ẹ̀gbẹ́ Sìmbíátù kọjá, tó lọ tààrà bá Àrìnkẹ́, ìlara náà á tún jí. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa yí rogodo èédú náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rọlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí oòrùn mú gan-an, Àrìnkẹ́ bu omi sínú ife, ó mu ún dé ìdajì, ó sì na ìyókù sí i. Sìmbíátù nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó gbà á, ó sì mu ún tán.