Àwọn Tó Jẹ Màlúù Alága

Láti ọjọ́ Ajé ni Nassuuna ti ń ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láago mẹ́fà àárọ̀ àti láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ti di Ọjọ́bọ̀ báyìí, ẹyọ ẹnì kan kò tíì yọjú sí nọ́ọ̀sì.

Òun ló ń bójú tó gbohùngbohùn abúlé Bulyankoko. Wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òpó gígùn kan ní ìkóríta, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà tirẹ̀, yàrá kékeré tí Nassuuna ń jókòó sí sì wà nídìí òpó. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Òfin kan ló wà: alága abúlé gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí ìwé kí ọ̀rọ̀ tó jáde, nítorí pé nígbà kan àwọn oníranù kan kéde ikú ọkùnrin tó wà láàyè, àwọn àna rẹ̀ sì ti gbé pósí dé kí wọ́n tó bá a níbi tó ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ ilé ẹni nìkan ni kò gba òǹtẹ̀, bí onílé bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìkéde yìí ní òǹtẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni alága lù ú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀ka ìlera ń fi àsìkò yìí ta gbogbo ará ìlú lólobó nípa àrùn áńtíráàsì tó ti fojú hàn ní àgbègbè wa. Gbogbo ẹni tó bá ti ní ìfarakanra pẹ̀lú òkú ẹranko lọ́nà kan tàbí òmíràn ni a rọ̀ láti yọjú sí ibùdó ìlera tó súnmọ́ wọn jù lọ fún àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ọ̀fẹ́."

Nassuuna kò fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń kà á dáadáa, kò sì sí ibi tó ti ṣi ohùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé orí àwọn èèyàn ló ń gbà kọjá. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́. Wọ́n gbọ́. Kò kàn sí ẹni tó gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Màlúù alága ló kú. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta kan, ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn, màlúù náà ń jẹko. Kó tó di ọ̀sán ó ti ṣubú, ẹ̀jẹ̀ dúdú ń dà nímú rẹ̀. Alága Ssebuguzi kò sin ín. Ó ránṣẹ́ pe Kalyesubula tó máa ń bá wọn kun ẹran. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti tà á tán lẹ́yìn oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ní ìdajì iye tí wọ́n ń ta ẹran lọ́jà. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tí ẹran fi pọ̀ báyẹn lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Oníkálùkù fi ewé wé tirẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e lọ sílé. Ní Bulyankoko, bí wọ́n bá mọ̀ pé o jẹ òkúǹbete, ẹran tó kú fúnra rẹ̀, wọ́n á fi bú ọmọ rẹ títí ọmọ yẹn á fi bímọ. Nítorí náà gbogbo abúlé ló jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Kílò méjì ni Nassuuna rà. Òun yìí kan náà ló bú Nakiryowa létí kànga ní ọdún méjì sẹ́yìn pé ó se ewúrẹ́ tó kú fúnra rẹ̀.

Nígbà tí màlúù méjì mìíràn kú ní oko kejì, àwọn tó ni wọ́n pe dókítà ẹranko, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, èsì sì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì Nantume ṣe kó àpótí oògùn dé, tó jókòó sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kọfí. Ọjọ́ Ẹtì láago mẹ́rin ló máa kúrò lọ síbòmíràn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yìí, Nassuuna gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí Kalyesubula. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni, ilé wọn kò sì jìnnà síra. Bàbá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí àwọn ìbejì rẹ̀ tó wà ní Kampala. Ó bá a lórí àga níta, ó wọ kóòtù nínú oòrùn, ó ń fi ọwọ́ òsì mu tíì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ káàsán o."

"Ìyàwó, káàsán. Ìwọ lo ń dà wá láàmú láàárọ̀ láàárọ̀."

"Ẹ gbọ́ ohun tí mo kà?"

"Mo gbọ́. Wọ́n ní ìfarakanra. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ta ni mo rí fara kàn?"

Nassuuna kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí ẹ fi ń fọwọ́ òsì mu tíì?"

"Tíì gbóná ni."

"Ọwọ́ òsì kì í mọ̀ pé nǹkan gbóná? Kóòtù ńkọ́?"

"Kóòtù mi ni. Bàbá rẹ kọ́ ló rà á fún mi."

Nassuuna na ọwọ́, ó ká apá ọ̀tún kóòtù náà sókè. Bàbá Ìbejì kò jà. Apá rẹ̀ ti wú dé ìgbọ̀nwọ́, awọ ara ń dán. Egbò kan wà ní ọrùn ọwọ́, ojú rẹ̀ dúdú bí èédú, omi sì yí i ká.

"Ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá. Ìdí tí mo fi ní kò sí nǹkan kan nìyẹn."

"Nọ́ọ̀sì ní kì í dunni. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ nìyẹn."

Bàbá Ìbejì gbé ife tíì sílẹ̀. "Gbọ́, ìyàwó. Ta ló kun màlúù yẹn? Èmi ni. Bí mo bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀, wọ́n á ní Kalyesubula ló fi òkúǹbete bọ́ abúlé. Alága á ní sísin lòun ní kí n sin ín. Ó ti sọ fún mi pé kí n pa ẹnu mi mọ́. Jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ lọ."

"Bí ẹlòmíràn ò bá lọ ńkọ́?"

"Ẹnì kan á lọ. Gbogbo wọn ló jẹ ẹ́."

Kò béèrè bóyá Nassuuna jẹ nínú rẹ̀. Òun ló gé tirẹ̀ fún un, níbi itan.

Láti ibẹ̀ ó kọjá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nantume nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́, àwọn àpótí oògùn tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí wọ́n ṣe kó wọn dé.

"Nọ́ọ̀sì, bí egbò yẹn bá wà lọ́wọ́, tí apá ti wú dé ìgbọ̀nwọ́, ọjọ́ mélòó ló kù?"

Nantume gbé ojú sókè. "Apá ta ni?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Bó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ kan sí méjì. Bí mo bá rí i kó tó wọ̀ ọ́, oògùn wà. Ẹ sọ orúkọ ẹni náà fún mi, Màmá, kí n gbé àpò mi lọ bá a nílé."

"Bí ó bá rí yín lọ́nà, á gba ẹ̀yìn jáde, wọn ò sì ní rí i títí ẹ ó fi lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ò lè tún ìkéde yẹn kọ? Ẹ kọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Láti òkè ló ti wá. Mi ò láṣẹ láti pààrọ̀ ẹ̀. Alága yín ló lè fi nǹkan kún un."

Nassuuna mọ ohun tí alága máa wí, síbẹ̀ ó lọ. Ó bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àti ọkùnrin mẹ́ta ń ta ayò.

"Alága, mo fẹ́ kí ẹ fi kún ìkéde yẹn pé màlúù yín ni."

"Màlúù wo?"

"Èyí tó kú."

"Màlúù mi ò kú. Mo tà á ni."

"Lẹ́yìn tó kú."

Àwọn ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọpọ́n ayò. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ sínú àpò. Nassuuna rí i pé ó fi aṣọ wé ìka kan.

"Nassuuna," ni alága wí, "àwọn tó kàwé ló kọ ìkéde yẹn. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìdí tó fi dáa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá lu òǹtẹ̀ sí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn."

"Àfi ti ilé ẹni."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé tìẹ? Adìyẹ rẹ tún sọnù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó wà nínú yàrá ìdí òpó láti aago márùn-ún ààbọ̀, ìwé olóǹtẹ̀ yẹn wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe alága ló ń rò. Nakiryowa ló ń rò, àti bí ojú obìnrin náà ṣe máa rí. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, ó ka ìkéde ìlera náà tán bó ṣe wà, ó yí ìwé náà dé, kò sì pa ẹ̀rọ.

"Nassuuna ni, opó Lubwama. Ọ̀rọ̀ ilé mi rèé, kò ní òǹtẹ̀. Ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú èyí tó kọjá, mo ra kílò méjì nínú màlúù alága. Mo mọ̀ pé ṣe ló kú fúnra rẹ̀. Kò wọ́n, mo sì fẹ́ jẹ ẹran. Mo fi ẹ̀pà sè é, mo fi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mátókè fún ọjọ́ méjì. Òkúǹbete ni mo jẹ. Àrùn ló pa màlúù náà, ó lè pa èmi náà. Láago méje àárọ̀ ọ̀la mo máa wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó wá síbẹ̀. Ẹni tí egbò dúdú tí kì í dunni bá wà lára rẹ̀, kó má rẹ́rìn-ín pẹ́, ọ̀la ni nọ́ọ̀sì ń lọ. Mo ti sọ tán."

Lẹ́yìn náà ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín níbi ilé kọfí, àwọn mìíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí alága fi dé, ó ń mí gulegule. "Ta ló ní kó o dárúkọ mi?"

"Ọ̀rọ̀ ilé mi ni mo sọ. Bí ẹ bá ní mi ò jẹ ẹran yín, ẹ kọ ọ́ wá, kí ẹ lu òǹtẹ̀ sí i, mo máa kà á láàárọ̀."

Alága wo òpó, ó wo Nassuuna, ó yí padà, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, láago méje, òun nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti kan ilẹ̀kùn Bàbá Ìbejì kó tó wá, ọkùnrin náà sì dáhùn láti inú ilé pé òun ń sùn. Nakiryowa ló kọ́kọ́ yọ, ó gbé agbọ̀n dání.

"Mo wá wo ẹni tó jẹ òkúǹbete."

"Èmi rèé."

"Ṣé o rántí ewúrẹ́ mi?"

"Mo rántí."

"Lójú gbogbo èèyàn lo ti bú mi."

"Mo bú ẹ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Nakiryowa sún mọ́ bẹ́ǹṣì. "Ṣé ó rọ̀?"

"Kí ni?"

"Ẹran yẹn. Èyí tí èmi rà le bí igi. Mo sè é títí iná fi kú." Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó jókòó.

Láago mẹ́wàá, bẹ́ǹṣì ti kún, wọ́n ti ń jókòó sórí koríko. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn ta ló jẹ ẹ̀dọ̀, ta ló mú ìrù. Ìyàwó alága kó ọmọ mẹ́ta wá. Nígbà tí oòrùn kanrí, alága fúnra rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó ní kí nọ́ọ̀sì dá òun lóhùn nínú yàrá. Nantume sọ fún un pé iwájú ni ìlà wà. Ó bọ́ síta, ó tò, wọ́n sì ń kí i bí ẹni pé ó ti ìrìn àjò dé.

Èèyàn mẹ́tàlélógójì ni nọ́ọ̀sì kọ orúkọ wọn. Mẹ́fà ló ní egbò. Nassuuna ti gbé oògùn tirẹ̀ mì láti àárọ̀, kò sì lọ sílé. Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà ló ń wò.

Láago mẹ́ta ààbọ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àpótí sínú ọkọ̀.

"Màmá," ni Nantume wí, "ẹ bá mi kọ ohun tí ẹ sọ lánàá sílẹ̀, ká lè máa kà á níbi tí à ń lọ."

"Kò ní wúlò fún yín níbẹ̀. Ẹ wá ẹni tó jẹ ẹ́ níbẹ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Bàbá Ìbejì fi yọ láti ẹ̀yìn ilé kọfí. Kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn bò ó, ó ń rìn bí ẹni tó mutí.

"Ìyàwó, wọ́n ti tán?"

"Ẹ̀yin ló kù."

"Alága ńkọ́?"

"Ó ti wá. Ó tò bíi gbogbo wa."

"Ó dáa." Ó jókòó.

Apá náà kò jáde nínú kóòtù mọ́. Nantume mú àlùmọ́gàjí, ó fẹ́ gé kóòtù náà, ó di ìjà. Bàbá Ìbejì ní kóòtù ìgbéyàwó òun ni. Nassuuna di èjìká rẹ̀ mú títí wọ́n fi gé e tán. Wíwú náà ti kọjá ìgbọ̀nwọ́, ó ti ń lọ sí èjìká. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ó sọ fún awakọ̀ pé ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà, wọ́n sì gbé e jókòó síwájú.

"Ṣé á yè?" Nassuuna rọra béèrè.

"Bí ibà ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú, á yè. Ká ní ọ̀la ló wá ni, irọ́ ni ǹ bá máa pa fún yín."

Bàbá Ìbejì yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ìyàwó, àwọn ewúrẹ́ mi ò tíì jẹun láti àná. Má fún wọn ní èèpo mátókè nìkan o. Gé koríko fún wọn."

"Mo gbọ́."

"Létí odò ni kó o ti gé e. Ti ibi tí màlúù yẹn kú sí, má fọwọ́ kàn án."

Ọkọ̀ gbéra. Nassuuna dúró títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà, ó wá lọ sílé lọ mú dòjé.