Àwọn Tó San Owó Àgbá Irin

Lọ́jọ́ tí Erlend Rendall jáde nínú omi tí kò lè gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, èmi ni mo fà á wọlé. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn erékùṣù Orkney: èmi á tu ọkọ̀, òun á mòòkùn lọ ṣa ẹja oníkarahun nísàlẹ̀ òkun. Lọ́jọ́ náà, okùn kan lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kó tó já a, atẹ́gùn tó gbé sẹ́yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ló bá sáré gòkè. Ẹni tó mòòkùn jìn kì í sáré gòkè. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa hó bí ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Mo ní ká kọjú sí ìlú, níbi tí àgbá irin tí wọ́n fi ń tọ́jú amòòkùn tó bá sáré gòkè wà. Ó kọ̀. Ó ní àwọn àlejò tó ní adójútòfò ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní amòòkùn kan wọ irú rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ilé ló tà kó tó sanwó tán. Òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yáwó ra ẹ́ńjìnnì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi po tíì. Á lọ."

Kò lọ. Ká tó dé èbúté, àwọ̀ àyà rẹ̀ ti ṣe bátabàta, mo ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Mo ti pe Inga ìyàwó rẹ̀, mo sì ti sọ ohun tó fà á tí ọkọ rẹ̀ fi kọ̀, ó ti ń dúró dè wá. Kò pariwo. Ó wọnú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Tá a bá ta ilé, a ó rí ibòmíì sùn. Tó o bá kú ńkọ́, ta ni kó wá san gbèsè ẹ́ńjìnnì? Èmi?"

Erlend na ọwọ́ sí wa. A gbé e lọ síbi àgbá náà.

Àgbá náà gùn ju ọkọ̀ wa lọ. Dókítà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Thora, ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn irin. Ó ní àwọn ń dá a padà sísàlẹ̀ òkun ni, láìsí omi, kí àwọn lè rọra mú un gòkè bó ṣe yẹ. Àtikékeré ni mo ti ń bá òkun ṣe. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè kó ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sínú yàrá. A ń wò ó láti ojú fèrèsé kékeré, pẹ̀lú ìbòmú ọ́síjìn lójú rẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Inga tẹjú mọ́. Ó pẹ́ gan-an kí àtàǹpàkò náà tó mì. Inga fún mi lápá títí ó fi dùn mí.

Wọ́n ń dá a padà sínú àgbá náà lójoojúmọ́ títí ó fi rìn. Ọjọ́ tó rìn ló lọ bẹ dókítà pé kó jẹ́ kí òun máa san owó ìtọ́jú náà díẹ̀díẹ̀.

"Owó wo? Wọ́n ti san án."

"Ta ni?"

"Gbogbo wa. Owó orí tí gbogbo èèyàn ń san ni. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó wà ní Glasgow, tí wọn ò mọ̀ ẹ́ rí, wà níbẹ̀."

Ó béèrè iye tí ì bá jẹ́. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó jókòó.

Dókítà ní kò gbọdọ̀ mòòkùn mọ́. Akàn là ń fi àgò mú báyìí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń wọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ tá a wọkọ̀ èrò padà sílé láti ọ̀dọ̀ dókítà, gbogbo ìjókòó ló ṣófo nítòsí rẹ̀, àmọ́ ó dúró, ó ń wo ojú àwọn èrò níkọ̀ọ̀kan. Màmá àgbà kan bi í bóyá ẹnì kan ló ń wá.

Ó ní, "Rárá, mà. Mo kàn ń wò yín ni."