Gèlè Elésè Àlùkò Lórí Tẹlifíṣọ̀n Ọsirélíà

Bí ẹnikẹ́ni ní Sùúrùlérè bá fẹ́ mọ ọdún tí tẹlifíṣọ̀n dé ilẹ̀ Ọsirélíà, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí fóònù. Kó yà sílé Mabel. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, yóò fún un ní àga, yóò gbé omi fún un, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti 1956, ọdún mẹ́ta ṣáájú ti Ìbàdàn, nígbà tí àwọn ará Sydney ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n láti ìta. Láti ibẹ̀ ni yóò ti fò dé 1969, tí yóò sọ bí àwòrán àwọn tó rìn lórí òṣùpá ṣe gba ilẹ̀ Ọsirélíà kọjá kí aráyé tó rí i. Bó ṣe máa ń sọ ọ́, èèyàn á rò pé òun gan-an ló di ẹ̀rọ náà mú fún wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló ń lọ. Ibi tó ń lọ ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, 1975, ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n wọn kúrò ní dúdú àti funfun tó di aláwọ̀. Mabel wà ní Sydney nígbà náà, wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún kan. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan pe àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè wá sórí ètò lọ́jọ́ náà, kí àwọ̀ aṣọ wọn lè tàn lójú àwọn tó ń wò. Mabel ró ìró, ó wé gèlè, ó sì sọ̀rọ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan àbọ̀.

Àádọ́ta ọdún ló ti ń ròyìn ìṣẹ́jú kan àbọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi ń jẹ́rìí, dúdú àti funfun sì ni fọ́tò ọ̀hún. Ṣùbòmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò sì tíì yé fini ṣẹ̀fẹ̀, máa ń ní Costain, níbí ní Èkó, ni wọ́n ti ya fọ́tò náà. Gertrude nìkan ló máa ń gbè é lẹ́yìn. Òun ni ẹ̀gbọ́n Mabel àti ìyá Ṣùbòmí. Opó ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ ń gbé inú ilé tí baba wọn fi sílẹ̀. Gertrude á ní àbúrò òun kì í purọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan ni Òkìkíọlá, ọmọ ọmọ Mabel tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, pè é lórí fóònù. Ó ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn ń ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún àwọ̀, wọ́n sì ti kó àwọn fídíò àtijọ́ wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ti wò ó títí, òun ti rí màmá òun níbẹ̀. Òun á gbé e wá lọ́jọ́ Sunday kí gbogbo ilé wò ó.

Mabel jó. Ó fi orúnkún tí dókítà Ìdí-Àràbà ní kó máa rọra lò jó yí tábìlì oúnjẹ ká lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, nítorí ó rántí ohun tí àwọ̀ máa tú síta.

Lọ́dún 1974, ìyá wọn ra gèlè aṣọ òkè méjì lọ́wọ́ ahunṣọ kan náà, iṣẹ́ ara wọn bára mu, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti Mabel, elésè àlùkò jẹ́ ti Gertrude, elésè àlùkò ló sì dáa jù, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Mabel ń lọ sí Sydney, ó ṣí àpótí Gertrude, ó mú gèlè náà, ó sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ sínú àpótí tirẹ̀. Ó ní òun á dá a padà. Àmọ́ onílé rẹ̀ ní Sydney yin gèlè náà títí, Mabel tó mọ̀ pé kò ṣeé gbé délé mọ́ sì fi ta á lọ́rẹ. Nínú lẹ́tà tó fi fọ́tò sí, ó kọ ọ́ pé yẹ́lò òun ni òun wé, pé ó sì ti gbó sí òkè òkun. Ta ló máa fi fọ́tò dúdú àti funfun mọ̀?

Nílé, Gertrude wá gèlè rẹ̀ tì. Ó di ẹ̀bi náà ru alágbàfọ̀ àdúgbò, ó bú u níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí gbogbo òpópónà fi jáde, ó sì búra pé alágbàfọ̀ kankan kò ní fọwọ́ kan aṣọ òun mọ́ láyé. Ìdí nìyẹn tí obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin fi ń bẹ̀rẹ̀ sídìí báàfù ní gbogbo Sátidé. Bí Mabel bá ti ń gbọ́ ìró omi náà, ojú ara rẹ̀ á máa tì í.

Ó pe Òkìkíọlá padà, ó bi í bóyá ó lè yọ àwọ̀ kúrò lára fídíò náà. Ọmọ náà ní àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n bá wọn fi àwọ̀ sí nǹkan, màmá òun wá ní kí òun yọ ọ́. Mabel parọ́ pé àwọ̀ ń dun òun lójú. Òkìkíọlá kò jiyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpònú, méjèèjì ló gbé wá.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti ìrẹsì, wọ́n jókòó yí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ká. Ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kan jáde lójú rẹ̀ ní dúdú àti funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún àwọn ará Sydney bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Èkó. Inú Mabel dùn débi pé omi lé rorò lójú rẹ̀. Ṣùbòmí alára dìde dúró. Nígbà tó jókòó padà, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

“Àǹtí Mabel, mo gbà, ẹ dé Sydney. Àmọ́ kọ́lọ̀ dà? Àádọ́ta ọdún lẹ ti ń pariwo kọ́lọ̀ sí wa létí.”

Gertrude gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. “Ṣùbòmí, pa ẹnu ẹ dé. Àbúrò mi kì í purọ́. Tó bá ti ní aláwọ̀ ni, aláwọ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Mabel ò lè gbé mì. Ká ní Gertrude bá wọn rẹ́rìn-ín ni, ọkàn rẹ̀ ì bá balẹ̀. Ó ní kí Òkìkíọlá fi ojúlówó rẹ̀ sí i.

Àwọ̀ dé. Ìró búlúù, ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn, gèlè elésè àlùkò sì dúró gbọnin lórí ọmọbìnrin náà. Mabel kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún ọ̀hún.

“Àǹtí mi, gèlè yín ni. Èmi ni mo jí i. Alágbàfọ̀ yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.”

Gertrude wo fídíò náà dé òpin. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tí àpótí ń dún. Nígbà tó máa jáde, ó gbé nǹkan kan dání tó ń rùn fún káńfọ̀. Gèlè aláwọ̀ ìyeyè ni.

Ó ní nígbà tí òun wá tòun tì ní 1975, ìdána òun ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ni òun bá ṣí àpótí Mabel, òun mú yẹ́lò. Oṣù kejì nìyẹn. Nígbà tí lẹ́tà Mabel wá dé lóṣù kẹrin pé yẹ́lò ni òun wé ní Sydney, yẹ́lò ọ̀hún wà lórí Gertrude bó ṣe ń kà á. Mabel rántí ọjọ́ tó délé tó bá àpótí rẹ̀ lófo. Kò lè béèrè, nítorí báwo ni yóò ṣe béèrè gèlè tó ti kọ̀wé pé ó gbó sí òkè òkun?

“Ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn, ẹ sì ṣì ń fọwọ́ fọṣọ?” Òkìkíọlá bi í.

“Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ bí mo ṣe bú ọkùnrin yẹn. Tí mo bá kó aṣọ lọ fún òmíràn, wọ́n á ní mo ti rí gèlè mi. Ibo ni mo fẹ́ sọ pé mo ti rí i?”

Ṣùbòmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mabel rẹ́rìn-ín títí kò fi lè dìde nílẹ̀, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí kò ṣe fúyẹ́ rí láti 1975. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìdí tó fi wá ń sọ pé òun kì í purọ́.

“Lórí tẹlifíṣọ̀n, o ò purọ́,” Gertrude dáhùn, ó ń wé yẹ́lò náà mọ́ ọn lórí. “Lórí gèlè, èmi náà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.”

Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n wo fídíò náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Gertrude di aṣọ ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé e lọ bá alágbàfọ̀ tó wà ní igun òpópónà wọn, ọmọkùnrin kan tí wọn ò tíì bí ní 1975. Ó kí i, ó gbé aṣọ kalẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú sí òun. Ọmọkùnrin náà ní kí ni màmá ṣe fún òun. Gertrude ní kó ṣáà sọ pé òun ti gbà. Ọmọkùnrin náà wo obìnrin àgbà náà, ó wo èkejì rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ìyeyè ní àárọ̀ kùtù, ó sì ní òun ti gbà. Mabel ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òun náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀bi ọ̀hún.