Súìtì Tí Ọmọ Ẹ̀gbá Kò Jẹ

Dókítà Sàlàhúdíìnì ń ṣèwádìí ọkàn ènìyàn ní yunifásítì, ojú oyè ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń pọ́n ọn. Ó gbé súìtì síwájú àwọn ọmọ Kemta ní Abẹ́òkúta, ó ní ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ títí òun yóò fi padà dé yóò gba méjì. Kò sí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Ó kọ̀wé pé sùúrù ọmọ Ẹ̀gbá kò láfiwé, wọ́n bá fi í jọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tètè délé kí ọmọ tó sùn. Ó na súìtì sí Títílọlá, ọmọ rẹ̀. Ọmọ káwọ́ sẹ́yìn.

"Rárá o, sà. Màmá mi ní n kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan ẹni tí n kò mọ̀."

Bùsírátù, ìyàwó rẹ̀, ké láti ilé ìdáná: "Títí, gbà á! Bàbá ẹ mà ni!"