Ẹni Tó Wá Kì í Ṣe Pásítọ̀

Àga tí Bàbá Káfíńtà fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló gbé e ṣubú, tó sì kán an lẹ́sẹ̀. A ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí rẹ̀. Àgbà ìjọ ni, ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń fún Pásítọ̀ nímọ̀ràn tí Pásítọ̀ ò béèrè.

Nígbà tí wọ́n di ẹsẹ̀ náà tán nílé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n gbé ibùsùn òun sí pálọ̀, kó dojú kọ ilẹ̀kùn, kóun lè máa rí ẹni tó bá wọlé.

Èèyàn sì ń wọlé. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan nínú ìjọ ló kọ́kọ́ dé. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà títí omi fi bọ́ lójú ìyàwó Bàbá. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ lórin kó aṣọ ìdọ̀tí ilé náà, ó fọ̀ ọ́, ó wá ń lọ̀ ọ́ ní pálọ̀ níbẹ̀. Awakọ̀ kan tí Bàbá ò fẹ́ràn, torí pé ó máa ń pẹ́ dé ìsìn, ló ń gbé e lọ gba ìtọ́jú, òun náà ló ń pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Àbúrò Bàbá wá pè é lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn ará ìjọ ń wá wò yín?”

“Ta ní fẹ́ wá? Kò sẹ́ni tó yọjú láti ṣọ́ọ̀ṣì.”

Tíṣà dáwọ́ áyọ́ọ̀nù dúró. Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá ló wà níwájú rẹ̀.

Ìyàwó Bàbá ní, “Bàbá ọmọ mi, níbo wá ni Tíṣà ti wá?”

“Pásítọ̀ ni mò ń sọ.”

Lójú Bàbá, àdúrà àwọn yòókù ń gòkè lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń há sí àjà.

Kì í ṣe pé Pásítọ̀ ò kìlọ̀. Ó ti wàásù ẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pé iṣẹ́ òun ni láti kọ́ ìjọ bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú ara wọn, kì í ṣe kóun nìkan máa dá a ṣe. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Wọ́n ṣe àmín tán, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ kó bá òun yan ọ̀dà tóun máa fi kun ilé, ẹlòmíì fẹ́ kó bá òun kìlọ̀ fún ìyá ọkọ òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Pásítọ̀ wá ráyè dé ilé Bàbá. Bàbá ti to ẹjọ́ sílẹ̀ bí ẹní to pákó. Ó ro ti àìbọ̀wọ̀ fágbà tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú bí wọ́n ṣe pa òun tì bí àkísà ni, ló bá gbọ́ híhanrun. Pásítọ̀ ti sùn lọ lórí àga, Bíbélì lórí itan.

Ìyàwó Bàbá fẹ́ jí i.

“Fi í sílẹ̀,” Bàbá ní. Ó ń wo ìdí bàtà ọkùnrin náà, tó ti jẹ tán sápá kan. Kò tíì rò ó rí pé ó máa ń rẹ pásítọ̀. Ó ní kí ìyàwó òun fi aṣọ ìbora òun bò ó.

Ibẹ̀ ni aránṣọ kan nínú ìjọ ti kanlẹ̀kùn.

“Bàbá, Pásítọ̀ ni mo wá rí.”

“Ó ń sùn. Rọra sọ̀rọ̀. Kí ló dé?”

Obìnrin náà wo ẹni tó ń sùn, ó wo Bàbá, kò sọ́gbọ́n, ó jókòó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bínú kúrò nílé, kò gbé fóònù mọ́. Bàbá, tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ̀rọ̀ parí, jẹ́ kó sọ ọ́ tán, torí pé bóun bá já lu ọ̀rọ̀, ohùn òun á jí Pásítọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbàdúrà kúkúrú fún un jẹ́jẹ́. Obìnrin náà sunkún, ó nu ojú.

“Ẹ ṣé, Bàbá. Ọkàn mi fúyẹ́.”

Lẹ́nu ọ̀nà ló ti sọ sétí ìyàwó Bàbá: “Tí Pásítọ̀ bá jí, ẹ bá mi sọ fún un kó wá gbàdúrà fún wa. A ò tíì rí ẹni gbàdúrà.”

Bàbá gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ sá wọ ilé ìdáná, ó fi etí aṣọ di ẹnu.

Nígbà tí Pásítọ̀ jí, ojú tì í.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Níbo lẹ bọ́rọ̀ dé?”

“Ó ti tán,” Bàbá ní. “Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ.”