Bẹ́ǹṣì Àwọn Tó Pa Ọjọ́ Jẹ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ti bi mí láìmọye ìgbà pé iṣẹ́ wo gan-an lèèyàn ń fi ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ tí mò ń kọ́ yìí ṣe. Èsì tí mo máa ń fún un kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nítorí náà, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ rán mi lọ fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, mo mọ̀ pé ojú máa tì í láìpẹ́.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Mátírọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, gbé lé mi lọ́wọ́. Àwọn ìyá kan ń mú ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, wọn kì í padà wá gba ìkejì. Kí n lọ bá wọn nílé, kí n mọ ìdí. Fọ́ọ̀mù ìkọ́ṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ Mátírọ̀nù. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dún yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣe bí ọ̀dẹ̀. Mo gbé bírò dání, mo ń bi wọ́n pé, “Kí ló dé tẹ́ ò wá?” Gbogbo wọn ní àyè ò sí. Mo kọ “àyè ò sí” títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọjọ́ Ẹtì ni mo tó rántí ohun tí olùkọ́ wa máa ń tẹnu mọ́, pé ká má máa béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Èmi tí mo gba máàkì tó ga jù nínú kọ́ọ̀sì yẹn o.

Mo ki bírò bọ àpò. Mo jókòó ti aránṣọ kan nínú àwọn ìyá náà. “Ẹ sọ bí ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ gbẹ̀yìn ṣe rí fún mi.”

“Ọjọ́ méjì péré ni mo fi pẹ́,” ló wí. “Wọ́n ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tó pa ọjọ́ jẹ, ní ẹnu ọ̀nà gan-an. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ń wò mí bí ẹni tó jí ọmọ gbé. Àbúrò, mi ò lè débẹ̀ mọ́.”

Obìnrin mọ́kànlá ló sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yìí fún mi, mo sì ṣèlérí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé orúkọ rẹ̀ ò ní jáde lẹ́nu mi. Ìyàwó ọmọ Mátírọ̀nù ni ìkọkànlá. Ó ti parọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ibòmíràn lọmọ ti gba abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo jábọ̀, ojú Mátírọ̀nù le.

“Èmi ni mo gbé bẹ́ǹṣì yẹn síbẹ̀, kí àwọn tó kù lè máa rántí ọjọ́ wọn. Àwọn wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Kọ orúkọ wọn.” Wọ́n yọ fọ́ọ̀mù mi síta, wọ́n gbé bírò lé e.

Mi ò fọwọ́ kan bírò náà.

“Ẹ má bínú, mà. Tẹ́ ò bá fọwọ́ sí i, mo gbà. Tí mo bá kọ orúkọ wọn, ta ló máa sọ òótọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ bá tún rán?”

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé ìyàwó ọmọ mi wà nínú wọn? Kò tíì fi káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ hàn mí.”

“Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá dárúkọ, mà, èsì kan náà ni.”

Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n mú ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ǹṣì náà. A gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tá a padà, wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi láìwo ojú mi, wọ́n wá gbé fóònù.

“Ìyàwó mi, mú ọmọ wá lọ́la. Mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan.”